Dígí Tí Ń Purọ́: Ìtàn Àwòrán àti Ojú Tí Àwọn Ọmọbìnrin Wa Fi Ń Wo Ara Wọn



Inú ilé-kéwú wa ni ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ yìí ti bẹ̀rẹ̀. Ọmọbìnrin kan wà láàárín àwọn tí mò ń kọ́, ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni. Orí rẹ̀ pé, kì í pẹ́ kí ó tó há Súrà sórí. Nígbà tí ó yá, mo ṣàkíyèsí pé kì í bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ jẹun mọ́ ní àkókò ìsinmi. Bí mo bá bi í, á ní, "Àfáà, mo ń gba ààwẹ̀ ni, sà." Ó gba Àtìní, ó gba Àlàmísì, nígbà tí ó pẹ́, àwọn ọjọ́ yòókù náà di ọjọ́ ààwẹ̀. Inú mi dùn. Mo yìn ín lójú gbogbo kíláàsì, mo ní kí àwọn tí ó kù fi í ṣe àwòkọ́ṣe. Kò ju ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà tí ọmọ náà fi ṣubú lulẹ̀, tí ó dákú, níbi tí ó ti ń ka Àlùkùránì níwájú mi.

Ọ̀dọ̀ dókítà ni àṣírí ti tú. Kì í ṣe ààwẹ̀ ni ọmọ náà ń gbà. Ó ń febi pa ara rẹ̀ kí ó lè tín-ín-rín bí àwọn ọmọbìnrin tí ó ń wò nínú fóònù ni. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti máa ń fi sísanra rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́ tẹ́lẹ̀, àwa àgbà gbọ́, a sì kà á sí eré ọmọdé. Ìyá rẹ̀ fi ìwé ìkọ̀wé rẹ̀ hàn mí. Ní ẹ̀yìn ìwé náà, lẹ́yìn ojú ewé tí ó kọ Álífù, Báà rẹ̀ sí, ọmọ náà ti to iye kílò tí ó ń wọ̀n lójoojúmọ́ sílẹ̀ láti òkè délẹ̀. Ojú tì mí. Èmi tí ó yẹ kí n rí i ni mo yìn ín.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń wá ìwé kà lórí ọ̀rọ̀ yìí, mo sì rí i pé ìtàn rẹ̀ ti wà ṣáájú fóònù. Ohun méjì ni mo rí kọ́ nínú rẹ̀. Èkíní ni pé kì í ṣe ara ọmọbìnrin ni ayé kọ́kọ́ ń yí padà, ojú tí ó fi ń wo ara rẹ̀ ni. Èkejì ni pé ọmọ kan ṣoṣo kò lè dá ojú náà gbà padà. Àfi kí agboolé fìmọ̀ ṣọ̀kan. Ẹ jẹ́ kí a yẹ ìtàn náà wò.

Ẹwà kì í dúró lójú kan

Kí a tó dá fóònù lẹ́bi, ẹ jẹ́ kí a wo ilé ara wa. Ní ayé àwọn baba ńlá wa, ẹwà ni ilà ojú. Àlùfáà Samuel Johnson sọ nípa rẹ̀ nínú ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ tí wọ́n tẹ̀ jáde ní ọdún 1921: àbàjà wà, gọ̀mbọ́ wà, kẹ́kẹ́ wà, pélé náà sì wà. Ìyá tí ó bí mi kọ pélé, àwọn tí wọ́n jọ dàgbà sì sọ fún mi pé bí ó bá rẹ́rìn-ín, pélé náà a máa wuni í wò. Lónìí, ẹni tí ó bá ní ilà lójú ni àwọn ọmọ ilé-ìwé ń fi ṣe ẹlẹ́yà, Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti ọdún 2003 sì ti ka ilà kíkọ sára ọmọdé léèwọ̀ ní Nàìjíríà. N kò sọ pé kí a padà sí ilà kíkọ o. Ohun tí mo ń sọ ni pé ilà kan náà ni, ojú kan náà ni. Láàárín ìran méjì péré, ohun tí a fi ń yangàn di ohun tí a fi ń tijú.

Bákan náà ni sísanra rí. Kò tíì pẹ́ tí ó jẹ́ pé bí a bá sọ fún ẹni tí ó ti ìrìn àjò dé pé, "O mà ti sanra o," oríyìn ni, á sì dúpẹ́. Bí a bá sọ fún un pé ó rù, ohun tí a ó bi í tẹ̀ lé e ni pé ṣé ara rẹ̀ le, ṣé ilé dára.

Ní ilẹ̀ Mauritania, láàárín àwọn ará aṣálẹ̀ tí wọ́n jẹ́ Mùsùlùmí bíi tiwa, wọ́n ti mú ọ̀rọ̀ sísanra yìí kọjá ààlà. Àṣà kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní leblouh. Wọ́n á kó àwọn ọmọbìnrin kéékèèké sí ọ̀dọ̀ ìyá àgbà kan, ìyá àgbà náà á sì máa fi wàrà ràkúnmí àti oúnjẹ bọ́ wọn tipátipá. Èyí tí ó bá kọ̀ tàbí tí ó bá ń bì, wọ́n á fi igi há ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ títí yóò fi gbé e mì. Ìdí tí wọ́n fi ń ṣe é ni pé wọ́n gbà pé obìnrin tí kò sanra kò níyì, kò sì ní rí ọkọ gidi fẹ́. Àṣà náà ti dín kù, ṣùgbọ́n kò tíì tán pátápátá. Ẹ wò ó: ọmọ tibẹ̀ ń sunkún nítorí pé wọ́n ń fi oúnjẹ rọ ọ́ bí ìgbà tí a ń rọ àpò, ọmọ tiwa ń sunkún nítorí ebi. Ẹkún kan náà ni. Bí ó bá jẹ́ pé ara fúnra rẹ̀ ni ó ń sọ ohun tí ẹwà jẹ́, ilẹ̀ méjì kò ní máa lépa ohun méjì tí ó takora bẹ́ẹ̀.

Ní ilẹ̀ Ṣáínà, ẹsẹ̀ ni tiwọn. Fún nǹkan bí ẹgbẹ̀rún ọdún, wọ́n ń di ẹsẹ̀ ọmọbìnrin kí ó má baà dàgbà. Láti ìgbà tí ọmọ bá ti tó ọdún márùn-ún sí mẹ́jọ ni wọ́n á ti ká ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́rin wọ abẹ́ àtẹ́lẹsẹ̀, wọ́n á fi aṣọ gígùn dì í pinpin, egungun á kán. Ẹsẹ̀ tí ó wù wọ́n jù lọ kò gùn ju nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 10 lọ. Ìyá tí ó bí ọmọ ni ó sábà máa ń dì í, nítorí ó gbà pé kò sí ìdílé gidi tí yóò fẹ́ ọmọ náà bí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá gbòòrò. Èmi yóò padà sórí ọ̀rọ̀ Ṣáínà yìí níwájú, nítorí pé ibẹ̀ ni ẹ̀kọ́ ńlá wà fún wa.

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Fiji

Ẹnì kan lè sọ pé ayé àtijọ́ ni gbogbo ìyẹn. Kí ó gbọ́ ti Fiji. Àwọn erékùṣù ni Fiji, nínú òkun ńlá Pàsífíìkì. Ojú tí àwa fi ń wo sísanra náà ni wọ́n fi ń wò ó níbẹ̀. Oúnjẹ ni wọ́n fi ń ṣe àlejò. Bí ọmọ bá rù, wọ́n á ní àwọn ará ilé rẹ̀ ni kò tọ́jú rẹ̀. Ọ̀mọ̀wé obìnrin kan láti Yunifásítì Harvard ní Amẹ́ríkà, Anne Becker, ti bá wọn gbé rí, ó sì mọ ìṣe wọn.

Ní ọdún 1995, ẹ̀rọ amóhùn-máwòrán dé agbègbè Nadroga ní Fiji fún ìgbà àkọ́kọ́. Kò ju oṣù díẹ̀ lẹ́yìn tí ó dé tí Becker fi bi àwọn ọmọbìnrin 63 ní ilé-ìwé léèrè ọ̀rọ̀ nípa oúnjẹ àti ara wọn. Ó padà lọ ní ọdún 1998, lẹ́yìn tí ẹ̀rọ náà ti lo ọdún mẹ́ta láàárín wọn, ó sì bi àwọn ọmọbìnrin 65 ní ìbéèrè kan náà. Nǹkan bí ọdún mẹ́tàdínlógún ni ọjọ́ orí wọn.

Ní ọdún 1995, kò sí ẹyọ ọmọ kan tí ó sọ pé òun máa ń mọ̀ọ́mọ̀ bì kí òun má baà sanra. Ní ọdún 1998, nǹkan bí 11 nínú 100 ni ó sọ pé àwọn ń ṣe bẹ́ẹ̀. Àwọn tí ìdáhùn wọn fi hàn pé ọ̀rọ̀ oúnjẹ ti ń di àìsàn sí wọn lára jẹ́ nǹkan bí 13 nínú 100 lákọ̀ọ́kọ́. Nígbà tí ó padà dé, wọ́n ti di 29 nínú 100. Ní ọdún 1998 yìí kan náà, 74 nínú 100 sọ pé ó máa ń ṣe àwọn nígbà mìíràn bíi pé àwọn ti sanra jù. Nígbà tí ó jókòó bá àwọn kan lára wọn sọ̀rọ̀, wọ́n sọ fún un pé àwọn fẹ́ rí bí àwọn obìnrin inú eré òkèèrè tí àwọn ń wò. Ọdún 2002 ni ìwádìí yìí jáde nínú ìwé àwọn oníṣègùn ọpọlọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.

Kì í ṣe àwọn ọmọ kan náà ni ó bi léèrè ní ìgbà méjèèjì, iye wọn kò sì pọ̀. Nítorí náà, kò yẹ kí a fi ìwádìí yìí nìkan búra. Ṣùgbọ́n kí ẹni tí ó bá jẹ́ òbí ro ó wò: àwọn ọmọ tí a bí sáàárín àwọn tí ń yin sísanra, tí ìyá wọn sanra, tí ìyá ìyá wọn sanra, ọdún mẹ́ta péré ni wọ́n fi kọ́ láti máa bì. Àpótí kan tí a gbé kalẹ̀ sínú yàrá ni wọ́n ti kọ́ ọ.

Láti inú àpótí bọ́ sí àtẹ́lẹwọ́

Tẹlifíṣọ̀n tí ó ṣe irú èyí kò ju ọ̀kan lọ nínú ilé nígbà náà. Pálọ̀ bàbá ni ó ń wà, bàbá ló sì ń pa á. Àwọn tí ọmọ ń rí nínú rẹ̀ jẹ́ òṣèré òkèèrè, ọmọ sì mọ̀ pé ọ̀tọ̀ ni ayé tiwọn. Fóònù kò rí bẹ́ẹ̀. Ó ń bá ọmọ wọ orí ibùsùn. Àwọn tí ọmọ ń rí nínú rẹ̀ kì í ṣe òṣèré nìkan. Ẹgbẹ́ rẹ̀ ni, ọmọ àdúgbò rẹ̀ ni, ọmọ kíláàsì rẹ̀ ni. Èyí ni ó mú kí ó gún ọkàn rẹ̀ ju tẹlifíṣọ̀n lọ.

Oṣù kẹwàá ọdún 2010 ni Instagram bẹ̀rẹ̀, iṣẹ́ fọ́tò ni wọ́n sì dá a sílẹ̀ fún. Kò tíì pé ọdún méjì tí Facebook fi kéde pé òun yóò rà á ní bílíọ̀nù kan owó dọ́là, ní oṣù kẹrin ọdún 2012. Snapchat náà dé, TikTok náà dé. Kò pẹ́ tí wọ́n fi kó ohun tí wọ́n ń pè ní filter sínú wọn, èyí tí ń tún ojú ènìyàn ṣe kí fọ́tò tó jáde: á mú imú kéré, á mú ẹyinjú tóbi, á mú àwọ̀ mọ́lẹ̀, á sì pa gbogbo àpá rẹ́. Ní ọdún 2018, àwọn oníṣègùn awọ ara ní ìlú Boston kọ̀wé pé nǹkan ti yí padà. Nígbà kan, fọ́tò gbajúmọ̀ òṣèré ni àwọn tí ń fẹ́ iṣẹ́ abẹ ẹwà máa ń mú wá. Ní báyìí, fọ́tò ara wọn tí filter ti tún ṣe ni àwọn kan ń mú wá, pé kí wọ́n bá àwọn sọ ojú àwọn dà bẹ́ẹ̀. Dígí kì í purọ́ fún àwọn ìyá wa. Dígí tí ọmọ wa ń wò nísinsìnyí ń purọ́, irọ́ náà sì ti wá wu ọmọ ju òtítọ́ lọ.

Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2021, ìwé ìròyìn Wall Street Journal ní Amẹ́ríkà tú àwọn ìwé kan síta tí ó jẹ́ ti iléeṣẹ́ Facebook fúnra rẹ̀. Obìnrin kan tí ó ti ṣiṣẹ́ níbẹ̀, Frances Haugen, ni ó kó wọn jáde. Nínú ìwádìí tí iléeṣẹ́ náà ṣe ní abẹ́lé, nínú àwọn ọmọbìnrin tí wọ́n kò tíì pé ogún ọdún, 32 nínú 100 sọ pé nígbà tí inú àwọn kò bá dùn sí ara àwọn, Instagram máa ń mú kí ó burú sí i. Ní ọjọ́ 5 oṣù kẹwàá ọdún náà, Haugen jẹ́rìí níwájú ìgbìmọ̀ ilé aṣòfin àgbà Amẹ́ríkà. Iléeṣẹ́ náà fèsì pé wọ́n ti yí ìwádìí àwọn po, pé ọ̀pọ̀ ọmọ ni ó sọ pé ojú òpó náà ran àwọn lọ́wọ́ lórí ìṣòro mìíràn. Àwọn onímọ̀ pẹ̀lú kò tíì fẹnu kò lórí bí ipa rẹ̀ ti pọ̀ tó lórí gbogbo ọmọ. Kì í ṣe gbogbo ẹni tí òjò pa ni otútù ń mú. Ṣùgbọ́n bí ọmọ kan nínú mẹ́ta bá sọ pé ohun kan ń dun òun, kò yẹ kí àgbà dijú sí i.

Ta ni ó ń jèrè?

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bí nǹkan yìí ṣe ń ṣiṣẹ́, kí ó má baà jẹ́ pé ẹ̀ ń wò ó láìmọ ohun tí ń wò yín. Ká ní o lọ sí ọjà, o dúró díẹ̀ níwájú ìsọ̀ kan. O padà lọ lọ́jọ́ kejì, o rí i pé ìsọ̀ irú rẹ̀ ti di mẹ́wàá. Lọ́jọ́ kẹta, gbogbo ọjà ti di ìsọ̀ kan náà. Bí fóònù ti ń ṣe nìyẹn. Bí o bá dúró pẹ́ lórí fọ́tò ọmọbìnrin tín-ín-rín kan, ẹ̀rọ náà ń ka iye àkókò tí o fi dúró. Kò mọ̀ bóyá inú rẹ dùn ni o fi dúró tàbí inú rẹ bàjẹ́, kò sì kàn án. Yóò gbé irú rẹ̀ sí i wá, torí pé bí o bá ṣe pẹ́ tó níbẹ̀ ni ìpolówó ọjà tí wọ́n lè fi hàn ọ́ yóò ṣe pọ̀ tó. Àkókò rẹ ni wọ́n ń tà fún oníṣòwò.

Lẹ́yìn fọ́tò ni oníṣòwò ń tẹ̀ lé. Ẹni tí kò bá kórìíra àwọ̀ rẹ̀ kò ní ra ìpara tí a fi ń bó ara. Ẹni tí ikùn rẹ̀ kò bá dùn ún kò ní ra tíì tí wọ́n ní ó ń fa ikùn wọlé. Nítorí náà, kí ọjà tó tà, ọmọ ní láti kọ́kọ́ tijú ara rẹ̀.

Ohun tí ó ti dé ọ̀dọ̀ wa

Kì í ṣe fóònù ni ó mú ara bíbó wá sí ilẹ̀ wa. Ìpara abóra ti wà lọ́jà láti ìgbà tí àwa fúnra wa ti wà ní ọmọdé. Ohun tí fóònù ṣe ni pé ó gbé e wọ yàrá. Àwọn tí ń po ìpara ń fi ara wọn hàn nínú fídíò, wọ́n ń fi fọ́tò àná àti ti òní wé ara wọn, filter sì lè wà lórí ti òní. Mákúrì tí ń bẹ nínú òmíràn nínú àwọn ìpara wọ̀nyí a máa ba kíndìnrín jẹ́. Hydroquinone, bí a bá ń fi pa ara fún ìgbà pípẹ́, lè sọ ojú di dúdú kìjikìji ju bí ó ti wà tẹ́lẹ̀ lọ. Àwọn oògùn steroid tí wọ́n ń pò mọ́ ọn a máa sọ awọ di fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, débi pé bí aboyún bá nílò iṣẹ́ abẹ, ojú ọgbẹ́ lè má tètè san.

Èyí tí ó tún wọlé dé lẹ́yìn rẹ̀ ni iṣẹ́ abẹ tí wọ́n fi ń fa ọ̀rá jáde láti inú ikùn, tí wọ́n á sì fún un sínú ìdí kí ó lè tóbi. Àwọn oníṣègùn irú iṣẹ́ abẹ yìí fúnra wọn kéde, lẹ́yìn ìwádìí tí wọ́n ṣe ní ọdún 2017, pé ó lè tó ẹnì kan nínú 3,000 tí ó ń bá a lọ. Ọ̀rá ni ó ń bọ́ sínú iṣan ẹ̀jẹ̀ tí ó sì ń lọ dí ẹ̀dọ̀fóró. Ìyẹn ní ọ̀dọ̀ àwọn tí wọ́n kọ́ṣẹ́ mọṣẹ́. Ẹ wá ro ti ilé tí kò ní ẹ̀rọ, tí kò ní oníṣègùn gidi.

Bí àwọn ará Ṣáínà ṣe tú ẹsẹ̀ ọmọ wọn

Mo ti ṣèlérí pé n óò padà sí Ṣáínà. Ẹsẹ̀ dídì yìí lo nǹkan bí ẹgbẹ̀rún ọdún. Àwọn ọba kan ti fi òfin dè é rí, kò ràn án. Ìyá kọ̀ọ̀kan mọ̀ pé ó ń dun ọmọ, torí pé wọ́n ti di tirẹ̀ náà rí. Kí ló dé tí kò jáwọ́? Ìdí ni pé bí òun nìkan bá jáwọ́, ọmọ tirẹ̀ nìkan ni kò ní rí ọkọ. Kò sí ẹni tí ó fẹ́ fi ọmọ tirẹ̀ ṣe ìdánwò.

Ní ọdún 1874, oníwàásù Kìrìsìtẹ́nì kan dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ ní ìlú Xiamen, níbi tí àwọn òbí ti ń fọwọ́ síwèé pé àwọn kò ní di ẹsẹ̀ ọmọ àwọn. Ní ọdún 1895, àwọn obìnrin òyìnbó dá irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ ní Shanghai. Àwọn ọ̀mọ̀wé Ṣáínà fúnra wọn, bíi Kang Youwei, sì gbé ọ̀rọ̀ náà rù láàárín àwọn ará ìlú. Nígbà tí ọ̀rọ̀ náà gbilẹ̀, àdéhùn tí wọ́n ń ṣe di ẹlẹ́sẹ̀ méjì. Ẹsẹ̀ kìíní: n kò ní di ẹsẹ̀ ọmọbìnrin mi. Ẹsẹ̀ kejì: ọmọkùnrin mi kò ní fẹ́ ọmọ tí a di ẹsẹ̀ rẹ̀. Ẹsẹ̀ kejì yìí ni ó tú okùn. Bí ìdílé púpọ̀ bá ti jọ ṣe àdéhùn, ọmọbìnrin tí ẹsẹ̀ rẹ̀ gbòòrò ti ní ọkọ nílé, ìyá rẹ̀ kò sì ní ohun tí ó ń bẹ̀rù mọ́. Ní ọdún 1902, ìjọba ọba kéde pé kí àwọn ènìyàn jáwọ́. Ní ọdún 1912, ìjọba olómìnira tuntun fi òfin dè é. Ohun tí ó lo ẹgbẹ̀rún ọdún, nǹkan bí ìran méjì ni ó fi tán nílẹ̀.

Ẹ̀yin ará, ibi tí mo ń lọ nìyí. Bí a bá gba fóònù lọ́wọ́ ọmọ kan, tí gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣì ní tiwọn, tí wọ́n ṣì ń fi ara rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́, tí àwọn ọmọkùnrin ṣì ń wo fọ́tò irọ́ tí wọ́n ń sọ pé irú èyí ni àwọn yóò fẹ́, a kò tíì ṣe nǹkan kan. Ọmọ náà yóò kàn máa jìyà ní ìkọ̀kọ̀ ni, bí ọmọ ilé-kéwú wa ṣe fi ààwẹ̀ bo tirẹ̀ mọ́lẹ̀.

Ohun tí a ní nílé

Àwa Mùsùlùmí kò wá sí ọ̀rọ̀ yìí lọ́wọ́ òfo. Nínú Súrà At-Tīn, Ọlọ́run jẹ́ kí a mọ̀ pé ẹ̀dá ènìyàn dára bí Òun ti ṣe é. Nínú Súrà Al-Hujurāt, Ó kọ̀ fún wa pé kí a má ṣe fi ara wa ṣe yẹ̀yẹ́, Ó sì dárúkọ obìnrin sí obìnrin lọ́tọ̀. Ìyá wa Àíṣà ròyìn pé òun àti Ànọ́bì, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́run máa bá a, sáré ìje rí, òun sì ni ó ṣáájú. Nígbà tí ó yá tí òun sanra, wọ́n tún sáré, Ànọ́bì ni ó ṣáájú, ó sì fi ṣe àwàdà pé àwọn ti dọ́gba. Ẹ kíyè sí i: ara obìnrin yí padà, ọkọ rẹ̀ ṣì ń bá a ṣeré. Mélòó nínú àwa ọkọ ni ó ń ṣe bẹ́ẹ̀? Àwa tí a ń sọ níwájú àwọn ọmọ wa pé ìyá wọn ti wú bí búrẹ́dì, kí ni a rò pé ọmọbìnrin tí ó gbọ́ ọ yóò máa rò nípa ara rẹ̀?

Kí ni kí a ṣe?

Àwọn ìjọba kan ti ń gbìyànjú. Láti ọdún 2017, òfin Faransé ní kí wọ́n kọ ọ́ sí ara fọ́tò ìpolówó ọjà bí wọ́n bá ti fi ẹ̀rọ mú ara ẹni tí ó ya fọ́tò náà rù tàbí sanra. Norway ṣe irú òfin bẹ́ẹ̀ ní ọdún 2021, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 2022. Ní Australia, láti oṣù kejìlá ọdún 2025, òfin kò gba ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́rìndínlógún láyè láti ní ojú òpó lórí àwọn ilé ìbánidọ́rẹ̀ẹ́ ńláńlá wọ̀nyí. Ó dára. Ṣùgbọ́n a ti rí i ní Ṣáínà pé òfin nìkan kì í tó.

Ohun kan wà tí kò ná wa ní kọ́bọ̀. Ní Kánádà, àwọn onímọ̀ mú àwọn ọ̀dọ́ 220, láti ọdún mẹ́tàdínlógún sí mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, tí ọkàn wọn kò balẹ̀ tí wọ́n sì ń lo wákàtí méjì ó kéré tán lójúmọ́ lórí àwọn ojú òpó yìí. Wọ́n ní kí àwọn kan má ṣe lò ju wákàtí kan lójúmọ́ lọ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Àwọn yòókù ń bá ìlò tiwọn lọ. Ọdún 2023 ni èsì rẹ̀ jáde: ojú tí àwọn tí ó dín in kù fi ń wo ara wọn dára sí i, ti àwọn yòókù kò yí padà. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré, ẹ̀yin ará.

Ní ilé-kéwú wa, àwọn òbí kan ti jọ jókòó, a sì ti ṣe àdéhùn ẹlẹ́sẹ̀ méjì tiwa. Ẹsẹ̀ kìíní: fóònù kò ní bá ọmọ wọ orí ibùsùn, yálà ọkùnrin tàbí obìnrin, yálà ọmọ olówó tàbí ọmọ tálákà. Ẹsẹ̀ kejì: nínú ilé wa, a kò ní fi ara ẹnikẹ́ni ṣe yẹ̀yẹ́ mọ́, ìbáà jẹ́ sísanra, ìbáà jẹ́ rírù, ìbáà jẹ́ àwọ̀, bàbá sì ni yóò kọ́kọ́ pa á mọ́. Èmi fúnra mi fi kún tèmi: bí ọmọ bá ń gba ààwẹ̀ àfikún, n óò bi ìyá rẹ̀ léèrè bóyá ó jẹ sààrì, bóyá ó sì ṣínu.

Ọmọ yẹn ti ń bọ̀ sípò. Mo lọ bá a nílé, mo sì bẹ̀ ẹ́ níwájú ìyá rẹ̀, nítorí ìyìn tí mo fi bo àìsàn rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ó wo ilẹ̀, ó ní, "Àfáà, ẹ má bẹ̀ mí, sà. Ẹ kò mọ̀ ni." Òtítọ́ ni, n kò mọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin tí ẹ ka ìwé yìí ti mọ̀ báyìí. Dókítà sọ pé irú àìsàn yìí kì í tán lọ́jọ́ kan, àwọn ọjọ́ kan ṣì wà tí oúnjẹ máa ń bà á lẹ́rù. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ní àkókò ìsinmi, mo gba ojú fèrèsé rí òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jókòó yí abọ́ mọ́ínmọ́ín kan ká. Mo yí ojú kúrò kí ó má baà mọ̀ pé mò ń wo òun.

Kí Ọlọ́run Ọba fún wa ní ojú tí a ó fi mọ rírì ohun tí Ó dá, kí Ó sì má ṣe jẹ́ kí a fi ọwọ́ ara wa ba ọmọ wa jẹ́. Àmín.